Ẹ̀rọ Náà Kọ́ Ló Pa Ìyá Rẹ

Kèrè, òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ Terésà,

Mo kí ọ, mo sì kí ẹni tí o gbé sínú. Mo kí Mátíà ọkọ rẹ pẹ̀lú, tí sùúrù rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ nígbà tó wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi. Ara mi le. Eékún ń dùn mí tí mo bá ń gun òkè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eékún kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Má bínú pé ìwé yìí gùn. N kò kọ irú rẹ̀ rí, n kò sì rò pé n óò tún kọ irú rẹ̀ mọ́.

Ní àná, bí a ti ń jáde ní Mísà, Mátíà pè mí lórí fóònù. Ó ní o rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ rẹ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì lọ sí màtẹnité, ilé ìgbẹ̀bí, ní Pàràkú. Agbẹ̀bí yẹ̀ ọ́ wò, ó kọ ìwé lé ọ lọ́wọ́ pé kí o lọ ṣe ẹkografí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá. O gba ìwé, o ká a sínú àpò, o sì kọrí sílé. Ọkọ rẹ bẹ̀ ọ́ títí, o ní rárá. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́.

Mo pè ọ́. Mo ní, "Àṣàkẹ́, lọ ṣe é." O dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìbínú, bí ẹni tó ń rán arúgbó létí ohun tó ti gbàgbé: "Bàbá, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ló pa màmá mi."

Mo ní kí o bá mi kí ọkọ rẹ, mo sì pa fóònù. Mo lọ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Mo sunkún, ọmọ mi. Àgbà tó ń sunkún lórí àpáta lọ́sàn-án gangan kò dára wò, àwọn ewúrẹ́ nìkan ló sì rí mi.

Ẹ̀rọ náà kọ́ ló pa ìyá rẹ. Mo mọ ohun tó pa á. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti jẹ́ kí gbogbo ilé wa, títí kan ìwọ, máa sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, nítorí pé irọ́ náà bò mí láṣìírí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ó ti bá a lónìí. Ǹ bá fi fóònù sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n óò fo ibi tó le. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Pàràkú ni yóò gbé ìwé yìí wá, ó ti ń fọ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ bí mo ti ń kọ ọ́. Jọ̀wọ́, kà á tán.

O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń bá àwọn ará Kèrè ka ìwé. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, àwa tí a ní sẹ́tífíkà ládùúgbò wa kò pé márùn-ún, ìgbéraga mi sì tó ti ọ̀gá ilé-ìwé. Ìwé tó bá ti Kútọnu wá, ọ̀dọ̀ mi ni. Ìwé tó bá ti Nàìjíríà wá, ọ̀dọ̀ mi ni. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ àṣà kan tí mo rò pé inú rere ni. Bí ọ̀rọ̀ líle bá wà nínú ìwé, mo máa ń fò ó. Ìyá arúgbó kan gbé ìwé wá nígbà kan, ọmọ rẹ̀ ló kọ̀wé pé òun wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ka ìkíni fún un, mo ka àdúrà fún un, mo fo àìsàn. Ó gbé ẹyin adìẹ wá fún mi, ó ń jó. Nígbà tó yá, ọmọ náà kú, ìyá yẹn sì bi mí bóyá ọmọ òun kò sọ ohun tó ń ṣe é fún òun ni. Mo ní kò sọ. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ìyá rẹ kò mọ̀wé. Kì í ṣe pé kò gbọ́n o. Ó gbọ́n jù mí lọ nínú ohun gbogbo àyàfi ìwé, kì í sì í fi pamọ́. Tí mo bá ń ṣe fáàrí pẹ̀lú bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí iṣẹ́ oko wà nílẹ̀, á ní ẹni tó bá fi ìwé gbin iṣu, ìwé ni yóò jẹ. Gbogbo agbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. N kò sọ ọ́ fún un tó bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn tó bí ọ, oyún méjì ló bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, o ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí oyún yìí bá fi lè dé oṣù keje, òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn láti Kèrè dé Arigbo, ibi mímọ́ Màríà, nígbà ìrìn-àjò mímọ́ oṣù Ògọ́ọ̀sì, òun yóò sì ru iṣu tuntun lọ fún Màríà ní ẹsẹ̀ àpáta.

Ní oṣù karùn-ún oyún náà, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ẹkografí. Ẹ̀rù ń bà á. Ó dùbúlẹ̀, wọ́n fi ìpara tútù kan ra á níkùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pé ó ń rin òun. Agbẹ̀bí fi ọkàn ọmọ hàn án lójú ẹ̀rọ, ó ń lù kìkìkì. Ó fà mí lápá, ó ní, "Baba Àṣàkẹ́, ẹ wò ó, ó ń ṣiṣẹ́!" N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Agbẹ̀bí náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, Faransé ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ wà dáadáa, ṣùgbọ́n ibi ọmọ wà nísàlẹ̀, ó dí ẹnu ilé ọmọ. Ó ní àkókò ṣì wà, ó lè gòkè fúnra rẹ̀ bí inú bá ti ń tóbi, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ó ní ká padà wá ní oṣù keje kí wọ́n tún wò ó. Kí ìyá rẹ má ru ẹrù, kó má rìn jìnnà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, bó ti wù kó kéré mọ, ká máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní bí ibi ọmọ kò bá sì gòkè, wọn kò ní jẹ́ kó rọbí rárá, abẹ ni wọn yóò fi gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá yàn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà, ìyá rẹ ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ọmọ ń tàpá. Ó ní kí o máa sinmi."

Ó wo ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé torí kí n sinmi ló ṣe kọ ọ́ gùn tó báyìí?"

Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, a kì í sọ ọ̀rọ̀ burúkú sétí aboyún. Wọ́n ní yóò bà lé ọmọ. Ìyá mi kì í tilẹ̀ jẹ́ ká túfọ̀ òkú níbi tí aboyún bá wà. Mo di àṣà yẹn mú gírígírí, mo sì fi tèmi kún un, pé agbẹ̀bí ní ó lè gòkè. Kí a tó délé, mo ti sọ "ó lè gòkè" di "yóò gòkè" nínú ọkàn mi. Mo fo ibi tó le.

Oṣù keje pé sí ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò Arigbo gẹ́lẹ́. Mo ní a ó lọ wo inú lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbìyànjú láti dá a dúró, mo ní oòrùn mú, mo ní èrò á pọ̀. Ó ní èrò kì í pọ̀ jù lójú Màríà. Mo ní kí n bá a ru iṣu náà, ó ní, "Ẹ̀jẹ́ tèmi ni, kì í ṣe tiyín." N kò rí ohun tí mo lè fi dá a dúró àfi òótọ́, n kò sì sọ òótọ́. Mo gbé ọ sí èjìká, ìyá rẹ ń lọ níwájú wa pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí, ó ń kọrin. Bóyá o rántí orin yẹn. Bóyá o rò pé inú mi ń dùn lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹta tí a ti Arigbo padà dé ilé, láàárọ̀, ó ń gbálẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé. Kò ké. Ó ní kò dun òun rárá. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ ọ dàgbà, sáré wá, ó ní ìrọbí ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú àkókò, kí wọ́n gbé omi kaná, kí wọ́n wá ewé. Èmi mọ ohun tó jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Síbẹ̀, mo dúró lójú kan, torí pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀. Kí ọkàn mi tó gba pé kí n sáré wá zẹmíjàn tí yóò fi ọ̀kadà gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, omi ti hó lórí iná. Òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́.

A fi ìyá rẹ sáàárín èmi àti ọlọ́kadà. Mo dì í mú láti ẹ̀yìn. A kò tíì rìn jìnnà nígbà tó ní, "Baba Àṣàkẹ́, kí ni obìnrin yẹn kọ sínú ìwé?"

Mo sọ fún un nígbà náà. Gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá jókòó sílé."

Kò bá mi wí, Àṣàkẹ́. Kò tún sọ ohun mìíràn fún mi mọ́. Ó kú kí ọ̀sán tó pọ́n, ọmọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. N kò ní purọ́ fún ọ pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn ní ọjọ́ kan.

Níbi ọ̀fọ̀, Ìyá Àgbà sọ fún àwọn tó wá kí wa pé ẹ̀rọ ni. Ó ní wọ́n wo ọmọ kó tó tó àkókò wíwò, iná inú ẹ̀rọ sì jó ibi ọmọ. Gbogbo wọn yíjú sí mi, torí èmi ni mo mọ̀wé. Mo mi orí. Mo mi orí pé òótọ́ ni, ọmọ mi! Nígbà tí wọ́n jáde, mo ju ìwé agbẹ̀bí sínú iná tí wọ́n fi ń dáná fún àwọn àlejò. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ìyàwó ilé wa kì í ṣe ẹkografí. Mo ń rí wọn, mo ń dákẹ́. Bí kò bá tíì sí èyí tó kú nínú wọn, kì í ṣe ọgbọ́n mi ló gbà wọ́n.

Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ìmọ̀ràn tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó.

Èkíní, nípa ẹ̀rọ náà. Lánàá, mo lọ bá agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́dọ̀ wa, mo bi í bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, torí pé n kò mọ nǹkan kan lóòótọ́. Ó ní kò sí iná níbẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun, èyí tí wọ́n máa ń ṣọ́ra fi wo aboyún. Ìró ni, ìró tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò lè gbọ́ ọ. Ó ń wọnú lọ, ó ń padà wá, ẹ̀rọ á sì fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ ya àwòrán. O rántí bí ẹ ṣe máa ń kígbe orúkọ yín sí òkè, tí òkè á dá a padà fún yín? Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í wo aboyún káàkiri ayé, kí a tó bí ọ pàápàá, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò sì rí i pé ó ṣe ọmọ ní jàǹbá, bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá fi í ṣe ohun tó yẹ. Ó wá ní kì í ṣe ohun ìṣeré o. Kì í ṣe ohun tí a óò máa lọ ṣe lemọ́lemọ́ torí kí a lè fi àwòrán han ọ̀rẹ́. Ìwọ ní ìdí tìrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni ìdí.

Ẹ̀rọ náà kò sì mọ ohun gbogbo. Ó lè ṣì í. Bí wọ́n bá ní ọkùnrin ni, má tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mo mọ̀ ọ́, kò sí ohun tí o kì í kánjú sí àfi ohun tó yẹ kí o kánjú sí.

Èkejì, ẹ̀jẹ̀ tí kò dun ènìyàn ni kí o bẹ̀rù. Má sọ pé ó ti dá. Má sọ pé díẹ̀ ni. Nígbàkígbà tó bá tún yọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, ìwọ mọ̀wé. Torí èyí ni mo ṣe ta iṣu títí o fi jáde ilé-ìwé gíga, bí n kò tilẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ rí. Ka ìwé tí wọ́n bá fún ọ fúnra rẹ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí Mátíà bá ní òun á bá ọ gbọ́ ohun tí dókítà wí, jókòó tì í, kí o fi etí ara rẹ gbọ́. Ọmọ dáadáa ni, ó sì fẹ́ràn rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Èmi náà fẹ́ràn ìyá rẹ. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ọ, bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, bi wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ojú kì í ti aboyún. Bí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé nǹkan lè dára fúnra rẹ̀, padà lọ wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

N kò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Nípa àṣà, n kò sọ pé àwọn baba wa kò gbọ́n. Ẹ̀rù ń ṣe aboyún ní nǹkan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ fún un lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rọra sọ ọ́, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Má sì bá Màríà jà nítorí ìtàn yìí. Ìrìn Arigbo kọ́ ló pa ìyá rẹ. Bó bá mọ ohun tí mo mọ̀ ni, ì bá jókòó, ì bá ti ilé gbàdúrà, n kò sì rò pé Ìyá Olúwa yóò bínú sí obìnrin tó ń sinmi nítorí ọmọ inú rẹ̀.

Má bá Ìyá Àgbà jà pẹ̀lú. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ, ó sì fi ọdún gbogbo yẹn tọ́ ọ bí ọmọ tó bí. Èmi ni mo mọ̀. Bí mo bá ti fi ìwé yìí lé awakọ̀ lọ́wọ́, ilé rẹ̀ ni mo ń lọ. N óò sọ fún un, n óò sì sọ fún àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n o mọ bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń dun ni.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tèmi ti gbẹ̀yìn, kò sì lè jí ẹnikẹ́ni dìde. N kò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ lónìí, torí pé bí mo bá tọrọ rẹ̀, ìwọ yóò jókòó máa rò ó, àkókò kò sì sí fún ìyẹn. Mo mọ̀ pé o óò bínú. Mo mọ̀ pé o óò sunkún ìyá rẹ lákọ̀tun, nítorí ikú mìíràn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ rẹ̀ fún ọ yìí.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, ilé ìwòsàn kò sì ní tíì tilẹ̀kùn. Dìde níbi tí o ti ń ka èyí. Mú ìwé agbẹ̀bí, kí o kọ́kọ́ lọ ná. Kí wọ́n wò ọ́, kí o gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí. Lẹ́yìn náà, bí o kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́ láyé, má pè mí. Mo lè fara da ọmọ tí kò bá mi sọ̀rọ̀, bó bá ṣáà ti wà láàyè.

Bàbá rẹ,
Dọmíníìkì